Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tí Ó Ti Fẹ̀yìn Tì àti Ìkejì Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, ni Ford Crown Victoria tí ó kẹ́yìn jáde ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní ìlú St. Thomas, ní ìpínlẹ̀ Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ó fẹ̀, ó wúwo, orí férémù irin ni wọ́n gbé ara rẹ̀ lé, táyà ẹ̀yìn ni ó sì ń ti gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti rí i ju iye tí ó lè kà lọ. Ọlọ́pàá ń fi í lé olè, awakọ̀ takisí ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́, bàbá arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹyin ni ó kó sínú búùtù. Lójú ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ìgbà tí ènìyàn bá wọ inú wọn ni yóò tó mọ̀ pé lóòótọ́ ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà Táyéwò kò jọ ti Kẹ́hìndé.

Ọmọ ìyá méjì kan, ọmọ bíbí Ìbàdàn, ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe. Àbúrò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ní ọdún 2011 kan náà, láàárín oṣù mẹ́ta síra wọn, àwọn méjèèjì ra Crown Victoria. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ èyí tí àwọn ọlọ́pàá ìlú kékeré kan ti lò, àwòṣe ọdún 2007, gbàǹjo ni ó sì ti rà á ní 3,200 dọ́là. Ti àbúrò jẹ́ LX, àwòṣe ọdún 2006, èyí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú. Àwọn ọmọ bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣaláìsí ni wọ́n tà á fún un ní 7,400 dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìwọ náà wò ó. Iye tí o fi ra ọ̀kan yìí, èmi ì bá ti fi ra méjì, kí n sì gba ṣẹ́ńjì.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ọdún bíi mélòó kan kọjá ná.”

Ẹ̀bi kọ́ ni ti ẹni tí ó bá sáré sí ti ọlọ́pàá. Àwòṣe ọdún 2007 ni Ford tà kẹ́yìn fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà. Láti àwòṣe 2008 títí dé òpin, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn onítakisí àti àwọn tí ń ra ọkọ̀ lọ́pọ̀ yanturu nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ náà, tí kò sì fẹ́ èyí tí ó ti gbó jù, kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí ju gbàǹjo ìjọba lọ. Níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ lè tò lọ bẹẹrẹbẹ, gbogbo wọn á jọra bí ẹ̀wà inú ìgò. Wọ́n ti ré lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kúrò, ṣùgbọ́n oòrùn ti pa ọ̀dà tí ó yí lẹ́tà náà ká tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ṣì lè ka orúkọ ìlú tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ bí ó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti tú iná orí òrùlé, ihò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á kò bá tètè dí i, òjò yóò máa kán sí i lórí láàárín ìrìn àjò. Wọ́n ti yọ rédíò àti kọ̀ǹpútà kúrò níwájú, dáṣíbọ́ọ̀dù sì rí bí ẹnu tí eyín ti ká. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kì í jáde níbẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣí ìjókòó ẹ̀yìn wò, nítorí ohun tí àwọn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè máa ń rọra tì sábẹ́ ìjókòó kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ kí wọ́n bá nínú ọkọ̀ òun lọ́la.

Kì í ṣe ọ̀dà dúdú àti funfun nìkan ni ó sọ ọkọ̀ ará ìlú di ti ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọmọ tí òun ń rà, kí ó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lábẹ́ dígí iwájú. P71 ni wọ́n fi ń mọ ti ọlọ́pàá, kí ó tó di P7B nígbà tí ó ń kásẹ̀ nílẹ̀. P74 ni wọ́n fi ń mọ LX. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀: V8 oní líta 4.6 ni, ṣéènì irin ni ó ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ń fẹ́ pípààrọ̀ lóòrèkóòrè. Láti àwòṣe 2004, ti ọlọ́pàá ní agbára ẹṣin 250. Ti ará ìlú ní 224, tàbí 239 bí ó bá ní sàléńsà méjì. Ohun tí wọ́n fi yí ẹ́ńjìnnì náà ká ni ó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n fún ti ọlọ́pàá ní ẹ̀rọ tí ń tu ọ́ìlì lára, kí ó má baà jóná nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré fún wákàtí kan gbáko tàbí tí ó bá dúró sójú kan nínú ooru pẹ̀lú éèsì ní títàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìpèsè iná tí ó lágbára jù, nítorí rédíò àti iná tí ń ṣẹ́jú lórí òrùlé. Sípírìn àti ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ le, ìdúró rẹ̀ ga díẹ̀, rọ́ọ̀mù irin lásán ni táyà rẹ̀ wọ̀.

Jíà ìdí rẹ̀ pẹ̀lú yàtọ̀. Ti LX tí wọ́n ń rà jù jẹ́ 2.73, ti ọlọ́pàá jẹ́ 3.27, àwọn kan tilẹ̀ ní 3.55. Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì ni pé ẹ́ńjìnnì ti ọlọ́pàá ní láti yí lọ́pọ̀ ìgbà ju ti ará ìlú lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń fò gìjà bí ìgalà tí ó gbóòórùn ọdẹ nígbà tí iná ojú ọ̀nà bá di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà márosẹ̀ ó máa ń mu epo láìnídìí. Láàárín ìgboro Houston àti òpópó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń rí máìlì 16 nínú gálọ́ọ̀nù kan. Àbúrò ń rí 20. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń rin 12,000 máìlì lọ́dún, ẹ̀gbọ́n ń jó 750 gálọ́ọ̀nù, àbúrò ń jó 600. Ẹni tí ó bá mọ owó epo yóò ṣírò ìyókù.

Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ti àbúrò ní kápẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn, ìjókòó iwájú gbòòrò, ariwo ọ̀nà kì í wọlé. Ti ẹ̀gbọ́n ní rọ́bà dúdú nílẹ̀, èyí tí a lè fi omi fọ̀ bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe aṣọ, rọ́bà líle ni, ó sì máa ń gbóná mọ́ itan. Bí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, iná inú kì í tàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀daràn má baà fi ìmọ́lẹ̀ rí ọlọ́pàá tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Fún nọ́ọ̀sì tí ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé ní agogo márùn-ún ìdájí, ìyà ni.

Ibi tí àríyànjiyàn àwọn ọmọ ìyá yìí gùn sí jù ni iye máìlì. Aago ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n kà 96,000 ní ọjọ́ tí ó rà á, ó sì rò pé ọ̀dọ́ ni. Àbúrò ni ó fi hàn án pé aago mìíràn wà níbẹ̀, èyí tí ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi wà ní títàn láìrìn. Àwọn ọlọ́pàá kì í pa ọkọ̀ wọn: bí wọ́n ń kọ ìwé ìtanràn, bí wọ́n ń ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ ti kọlu ọkọ̀, bí wọ́n ń jẹun, ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìṣirò tí Ford fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ni pé wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi dúró bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìrìn 33 máìlì. Aago kejì ka 4,100 wákàtí. Sọ ọ́ di máìlì, ó di 135,300. Rò ó mọ́ 96,000, ó di 231,300. Ẹ̀gbọ́n wo nọ́ńbà náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ọlọ́pàá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ta ni ó mọ ìgbà tí bàbá tìrẹ pààrọ̀ ti ẹ̀ kẹ́yìn?”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwáwí. Ọ̀pọ̀ ìlú ní mẹkáníìkì tiwọn, tí wọ́n ń tẹ̀lé ìwé láìfi ti pé ọkọ̀ ń dùn ún tàbí kò dùn ún ṣe, nígbà tí arúgbó tí kì í rìn ju máìlì mẹ́ta lọ́jọ́ lè gbàgbé ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì fún ọdún méjì. Ìrìn ṣókí ṣókí pẹ̀lú máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, nítorí kì í gbóná tó kí omi tó dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tó gbẹ. Nítorí náà, ìwé ìtọ́jú ni kí olùrà béèrè, kì í ṣe ìtàn ẹni tí ó ni ín. Ìwé ti ẹ̀gbọ́n wà, ó kún. Ti àbúrò kò ju rìsíìtì mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó bá sì ń wo èyí tí ó dàgbà jù wọ̀nyí lọ, láàárín àwòṣe 1996 sí 2001, kí ó rí i dájú pé wọ́n ti pààrọ̀ ike tí ń gbé afẹ́fẹ́ àti omi kọjá lórí ẹ́ńjìnnì sí èyí tí ó ní irin níwájú, nítorí ike náà máa ń sán, omi á sì dà nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ti ọlọ́pàá fi borí pátápátá. Ẹ̀yìn ọ̀pá tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni táǹkì epo Crown Victoria wà. Ọlọ́pàá tí ó dúró sí etí òpópó láti dá ẹlòmíràn dúró ni ó máa ń wà níbi tí ọkọ̀ tí ń sáré àsápajúdé ti lè gbá a láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì jóná mọ́nú ọkọ̀ wọn. Ìwádìí àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà parí ní ọdún 2002 láìpàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi asà bo àwọn ohun mímú tí ó yí táǹkì ká lára ọkọ̀ ọlọ́pàá, lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ó sì di àwòṣe 2005, ó gbé ẹ̀rọ tí ń pa iná fúnra rẹ̀ jáde fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ san owó rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe gbogbo èyí fún. Àbúrò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń wo dígí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ bíréèkì lójú òpópó.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìyá wọn wá kí wọn láti Ìbàdàn. Orúnkún ìyá kò jẹ́ kí ó fẹ́ràn ìjókòó iwájú. Ẹ̀yìn ni ó fẹ́, kí ó lè na ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí apá Bissonnet, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ta èlùbọ́ àti epo pupa. Màmá ti sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí òun sáré ra iṣu díẹ̀, kí òun sì padà. Èrò pọ̀ ní ìsọ̀ náà. Ooru Houston ní oṣù Keje kì í ṣe ooru tí ènìyàn ń fi ṣeré. Gíláàsì wà ní títì. Màmá jí nínú òógùn, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ náà kàn ń ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́ lásán bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà ni. Ó tẹ bọ́tìnnì gíláàsì, gíláàsì kò mira. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n máa fi dé, àtẹ́lẹwọ́ ni ìyá rẹ̀ fi ń gbá dígí, obìnrin kan tí ń kọjá lọ sì ti dúró tì í, ó ń wá ohun tí yóò fi fọ́ ọ.

Màmá kò pariwo. Ó mu omi tán kí ó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ọ́ tí o fi tì mí mọ́lé?”

“Ẹ dákun, Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni. Bí wọ́n ṣe ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, kí àwọn tí wọ́n bá mú má baà sá.”

“Ṣé èmi ni wọ́n mú ni?”

Láti ọdún tí ó ti ra ọkọ̀ náà ni ó ti mọ̀. Mẹkáníìkì kò lo ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ: ó tú pátákó inú ilẹ̀kùn, ó so ọ̀pá tí wọ́n já padà, ó sì so wáyà gíláàsì mọ́ bátìrì. Kò gbà tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ìyẹn ni ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣáájú ọ̀dà, ṣáájú táyà, ṣáájú ihò orí òrùlé. Màmá kò tún wọ inú rẹ̀ mọ́ títí ó fi padà sílé. LX àbúrò ni ó ń gùn káàkiri.

Ojú ayé wá ṣe tirẹ̀. Ní òpópó, bí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bá yọ lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn, ẹni tí ó wà níwájú á fà sẹ́yìn, á rọra máa lọ bí ẹni tí ń sìnkú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó pa á lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹta, ó sú u, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó tètè délé. Ní ọdún 2013, ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Alief. Bí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ṣe tàn wọ àgbàlá, ìlù dákẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà wọlé, wọn kò sì jáde títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà náà, onílù tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rí ojú àwọn ọkùnrin méjì yẹn kí ẹ̀rín tó dé.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí aládùúgbò rẹ̀ kan, ọkùnrin tí ń bá àwọn kọ́lékọ́lé ṣiṣẹ́, tí kì í sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ní òwúrọ̀, bí ẹ̀gbọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí ó sì pàdé ọkùnrin yìí ní ìta pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin náà á yí padà wọlé kíákíá, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan. Oṣù bíi mélòó kan ni èyí fi ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ pé òun ni ó ń sá fún. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó na ìka sí ọkọ̀, ó tún na ìka sí aṣọ nọ́ọ̀sì ara rẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n tú iná ńlá tí àwọn ọlọ́pàá fi ń wo ojú òkùnkùn, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí awakọ̀, ó jù ú sínú búùtù, ó sì ra ìdérí táyà tí ń dán bí ti LX.

Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró lóru, láti wò bóyá ó ní iná pupa àti búlúù nínú ọkọ̀, nítorí pé òfin kò gbà kí ará ìlú ṣe bí ọlọ́pàá. Wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin dúdú tí ó jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí sitíárì, nínú ọkọ̀ tí iná inú rẹ̀ kì í tàn, kò ní sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni òun fi rà á. Ìyàwó rẹ̀ kì í sùn títí yóò fi gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò dá LX àbúrò dúró láti wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni àwọn ọkọ̀ méjèèjì ní. Ìdérí táyà, ọ̀já tí ń dán lára ilẹ̀kùn àti àwọ̀ wúrà ti arúgbó ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ egungun ọlọ́pàá láìfẹ́ ojú rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ti rí i tẹ́lẹ̀. Chevrolet lo ohun èlò Caprice ti ọlọ́pàá fún Impala SS láàárín àwòṣe 1994 sí 1996. Mercury náà ṣe Marauder ní àwòṣe 2003 àti 2004, tí ó ní agbára ẹṣin 302. Gbogbo Marauder tí wọ́n ṣe kò ju 11,052 lọ, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 2018, àwọn ọmọ ìyá méjì yìí jókòó sí tábìlì, wọ́n kó rìsíìtì jọ. Ẹ̀gbọ́n ti tún jíà ṣe ní ọdún 2014, ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú àti ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 6,100 dọ́là. Rò ó mọ́ owó tí ó fi rà á, ó di 9,300. Ti àbúrò, tí ẹ̀rọ tí ń gbé gíláàsì sókè ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́ 2,300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,700. Irínwó dọ́là péré ni gbogbo èrè gbàǹjo lẹ́yìn ọdún méje, epo ọdún kan ṣoṣo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe, tí ó ń gbé ọkọ̀ nìkan láìsí ọmọ tàbí ìyá lẹ́yìn, lè rí ayọ̀ nínú ti ọlọ́pàá, nítorí pé ó dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà ju ìkejì rẹ̀ lọ. Fún olórí ẹbí tí ń lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, èyí tí arúgbó lò ni ó dára jù, bí ó tilẹ̀ gbówó lórí. Dodge Charger àti Ford Explorer ti gba ipò Crown Victoria lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, àwọn náà sì ń wọ gbàǹjo. Aago wákàtí tí ó yẹ kí ènìyàn wò lára tiwọn kò yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ta tirẹ̀ ní ọdún yẹn fún ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ náà kò béèrè ìwé ìtọ́jú, kò sì wo aago wákàtí. Ó ṣí búùtù, ó rí iná ńlá tí wọ́n tú sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.